Ẹ Wo Afẹ́fẹ́ Kí Ẹ Tó Wo Káìtì: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí àti Olùkọ́ ní Mákòkó

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ eré tí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ káìtì ni.

Ọmọ tó dàgbà ní ìlú Èkó mọ káìtì. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tí a gbé dábùú ara wọn, ọ̀rá tàbí bébà ìwé ìròyìn tí a fi ẹ̀bà lẹ̀ mọ́ ọn, ìrù gígùn tí a ya lára àkísà, àti òwú ìránṣọ tí a ká sára agolo mílíìkì. Okùn kan ṣoṣo ni irú káìtì bẹ́ẹ̀ ní. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e, á gòkè, á dúró sójú kan, ọmọ á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tí kò tíì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Okùn méjì ló ní, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ọmọ tó mú un lọ́wọ́ ló ń darí rẹ̀. Ó lè ní kó yí sọ́tùn-ún, kó pòòyì, kó já wálẹ̀ ṣòòrò, kó sì tún gbéra nígbà tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Káìtì tó ń dárà ni. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: èwo nínú rẹ̀ ló yẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àti nínú irú afẹ́fẹ́ wo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ọmọ, káìtì ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń dorí rẹ̀ kodò. Wọ́n á rí káìtì ńlá aláwọ̀ mèremère, wọ́n á rà á, tàbí kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá gbé e jáde, yálà kó má tilẹ̀ gbéra, tàbí kó gbéra tán kó forí sọlẹ̀, kí ọ̀pá àyà rẹ̀ kán sí méjì. Ọmọ á ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má gbà fún un. Káìtì yẹn ni kò bá afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà mu, tàbí kó jẹ́ pé ó ju agbára ọmọ lọ.

Káìtì tí a ń darí kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1826, olùkọ́ ilé ìwé kan ní ìlú Bristol, George Pocock, gba ìwé àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí kẹ̀kẹ́ tí káìtì ń fà lójú títì. Ní 1899, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì nì, Wilbur àti Orville Wright, ń wá ọ̀nà tí èèyàn yóò fi máa darí ohun tó ń fò, káìtì olókùn mẹ́rin ni Wilbur kọ́kọ́ ṣe. Ó ń fi okùn lọ́ apá rẹ̀ láti mọ bí yóò ṣe yí. Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà, ní 1903, ọkọ̀ òfuurufú wọn gbéra. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Paul Garber ṣe káìtì olókùn méjì fún àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, kí àwọn ayìnbọn máa fi ṣe ìdánrawò. Ní 1972 ni Peter Powell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé tirẹ̀ jáde fún tọmọdé tàgbà, eré náà sì gba ayé kan.

Àmọ́ àwa ará Mákòkó kò nílò kí ará Bristol wá kọ́ wa ní ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣe. Ẹni tó bá ń gba orí Afárá Third Mainland kọjá, afárá tí wọ́n ṣí ní 1990, kò ní ṣàìrí ìgbòkun àwọn apẹja wa lójú ọ̀sà. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọ̀kan. Àpò ìrẹsì àti àpò ṣúgà ni wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n rán pọ̀ mọ́ra wọn, ibì kan funfun, ibì kan ti pọ́n rúsúrúsú, orúkọ tó wà lára àpò ṣì ń hàn láti ọ̀ọ́kán. Ọ̀pá kan ló gbé e ró, ọ̀pá kejì sì na igun rẹ̀ sókè. Okùn kan wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ní ìdí ọkọ̀. Bí ó bá fà á, ìgbòkun á gba afẹ́fẹ́ sínú, ọkọ̀ á sáré. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á yọ́ kọjá, ọkọ̀ á rọra. Bí ìjì bá ṣú, baba á ká ìgbòkun, á gbé àjẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ tó ń pẹja lọ́dọ̀ wa ti ń ṣe èyí tipẹ́tipẹ́. Ọgbọ́n tó wà nídìí káìtì kò yàtọ̀ sí i. Ọmọ tó mọ ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń ta ìgbòkun àti ìgbà tó ń ká a ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ kọ sílẹ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń fa káìtì a máa di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Káìtì tí ọmọ ọdún 9 mú láìlàágùn nígbà tí afẹ́fẹ́ ń sáré kìlómítà 10 ní wákàtí kan, káìtì yìí kan náà lè wọ́ ọ nílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá di kìlómítà 30. Ọmọ kò yí padà, káìtì kò yí padà. Afẹ́fẹ́ ló yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ wò ó.

Báwo wá ni a ṣe ń wọn afẹ́fẹ́ láìní ẹ̀rọ? Ní 1805, ọ̀gá kan nínú àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, Francis Beaufort, to afẹ́fẹ́ sí ìpele láti òdo dé 12. Ìpele yìí náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ sára páálí ọ̀pọ̀ káìtì tó ń ti Yúróòpù wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pẹ̀lú ohun tí a ń fojú rí ní Mákòkó.

Bí èéfín ààrò ẹja bá ń lọ sókè tààrà bí ọ̀pá, òdo ni. Bí èéfín bá tẹ̀ sápá kan ṣùgbọ́n tí ẹ kò mọ afẹ́fẹ́ náà lára, ìpele kìíní ni, kò ju kìlómítà 5 ní wákàtí kan lọ. Kò sí káìtì ọmọdé tí yóò gbéra dáadáa níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lójú, tí ewé sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìpele kejì ni, láti kìlómítà 6 dé 11. Káìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè fò. Bí àsíá ilé ìwé bá tẹ́, tí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kò dúró lójú kan, ìpele kẹta nìyẹn, kìlómítà 12 dé 19. Afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nìyẹn: ó tó gbé káìtì, kò tó gbé ọmọ.

Bí ekuru àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò nílẹ̀, ẹ ti wọ ìpele kẹrin, kìlómítà 20 dé 28. Ọmọ ṣì lè ṣeré, ṣùgbọ́n káìtì kékeré ni kó mú, kí àgbàlagbà sì dúró tì í. Bí igi kékeré bá ń mì lódindi, tí orí omi ọ̀sà ń yọ ìgbì wẹ́wẹ́ tó ní fòfó funfun, ìpele karùn-ún ni. Ọmọdé kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ mọ́. Bí agbòòrùn bá wá di ohun tí à ń bá wọ̀yá ìjà, ẹ kó káìtì wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ọdún. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù wá láti orí òkun ló ń fẹ́ sí Èkó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀sán ló máa ń le jù, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbóná tán tí òkun ṣì tutù. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Àsìkò yẹn náà ni ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé ìwé, àsìkò yẹn náà sì ni òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Nítorí náà, òbí tó fẹ́ ra káìtì fún ọmọ rẹ̀ ní ìsinmi gígùn ń ra káìtì fún afẹ́fẹ́ tó ní agbára. Kó ra èyí tó kéré, tó sì le. Nígbà Kérésìmesì, ọ̀tọ̀ ni. Ọyẹ́ ń ti ìlà-oòrùn àríwá wá láàárọ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń rọ̀ ju ti oṣù Kẹjọ lọ. Káìtì tó fúyẹ́, tí aṣọ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ló yẹ ìgbà náà. Ìsinmi méjì, afẹ́fẹ́ méjì. Káìtì kan lè má tó o.

Láàárín wọn ni ìjì òjò wà, láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Ìjì yìí kì í sábà wá láti ojú òkun. Láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Ojú ọ̀run á ṣú dùdù lápá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ wẹ́lo, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tútù á kọlù yín lójijì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìpele kejì lè di ìpele keje. A mọ ohun tí ìjì ń ṣe lójú omi wa. Ilé ìwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, fi pákó kọ́ sórí àgbá ike fún àwọn ọmọ Mákòkó, èyí tí wọ́n parí ní 2013 tí ayé wá ń wò, òjò ńlá oníjì ló wó o ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016. A dúpẹ́ pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, bí ìlà-oòrùn bá ti ṣú, ẹ má dúró kí ẹ fi káìtì dán ìjì wò. Mànàmáná pẹ̀lú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kan ibi tí a ó ti fò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí Mákòkó kò dà bí ibòmíràn. Etí ọ̀sà ni a wà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù wá ní láti gba orí ilé Ẹ̀bútè Mẹ́tta àti ti Yábàá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé àti òrùlé ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Yóò máa gbéra, yóò máa dákẹ́, yóò máa yí. Bí ọmọ bá dúró sétí omi wa fi káìtì fò nínú afẹ́fẹ́ yìí, orí ọ̀sà ni káìtì yóò máa lọ, bí ó bá sì já wálẹ̀, inú omi ni yóò bọ́ sí. Bí okùn bá já, ọ̀nà Afárá Third Mainland ni yóò kọrí sí, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré. Láàárọ̀ ọyẹ́, afẹ́fẹ́ lè wá láti orí omi gbalasa láìsí ilé tó dí i lọ́nà, á sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nígbà náà, orí ilé wa àti orí wáyà iná ni káìtì yóò kọjú sí.

Àwọn ọmọ tó ń gbé nínú ilé orí omi yóò fẹ́ fò ó láti inú ọkọ̀. Ẹ má gbà fún wọn. Káìtì olókùn méjì ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹni fìdí múlẹ̀. Ọmọ tó bá ń wo òkè, tí nǹkan kan sì ń fà á lọ́wọ́ méjèèjì, kò lè ṣọ́ etí ọkọ̀.

Níbo ló wá dára? Ibi tó ṣí sílẹ̀, tí ilé àti igi kò sí ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀. Ìwọ̀n tó ṣe é lò ni pé kí ẹ jìnnà sí ohun tó dí afẹ́fẹ́ tó ìlọ́po méje gíga rẹ̀. Bí ilé tó wà lẹ́yìn yín bá ga tó mítà 7, ẹ rìn jìnnà sí i tó mítà 50. Pápá ilé ìwé tó fẹ̀ lè tó o, bí ọ̀gá ilé ìwé bá fọwọ́ sí i. Etí òkun ló dára jù, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá wá láti orí òkun kò bá ilé kankan pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ bá lè kó àwọn ọmọ lọ sí Tarkwa Bay tàbí etí òkun Lẹ́kkí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí i pé káìtì kan náà tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ní àdúgbò yóò dúró dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Kí káìtì má sì ṣe sún mọ́ ẹni tó ń rìn tàbí tó jókòó nísàlẹ̀.

Ní báyìí a ti wo afẹ́fẹ́, a ti wo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, káìtì olókùn kan ni kí ẹ fún un. Ẹ má kánjú. Àwọn ìyá wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Káìtì ọlọ́rá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fún un ti tó o láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fa nǹkan, àti láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Láti ọdún 8 sókè, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ti ń gbọ́ràn dáadáa, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú okùn méjì.

Oríṣi mẹ́ta ni yóò bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò ní ọ̀pá rárá. Aṣọ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n rán an ní yàrá yàrá, afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú àwọn yàrá náà tó ń jẹ́ kó gba ìrísí apá ẹyẹ. Domina Jalbert ló ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1964. Bí ó bá forí sọlẹ̀, kò sí ohun tí yóò kán. Ẹ lè ká a sínú báàgì ilé ìwé. Fún ọmọ Mákòkó tó ń kọ́ ọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ nínú oṣù Kẹjọ, èyí tó fẹ̀ tó mítà kan àti díẹ̀ láti apá dé apá ni mo fọwọ́ sí. Kó má ju mítà kan àbọ̀ lọ. Àìdára rẹ̀ méjì ni: kì í fẹ́ gbéra nínú afẹ́fẹ́ ìpele kejì, bí ó bá sì já sómi, àwọn yàrá rẹ̀ á mu omi yó, á wúwo.

Ìkejì ni olórígun mẹ́rin bíi ti Peter Powell, tó ní ìrù gígùn. Ìrù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń dá eré káìtì dúró, ó ń jẹ́ kí ọmọ rí àyè ronú kó tó fa okùn. Òun ló rọrùn jù lọ láti kọ́, ó sì máa ń fò nínú afẹ́fẹ́ tí ti àkọ́kọ́ kọ̀ láti fò. Ẹ mú un fún ìsinmi Kérésìmesì.

Ìkẹta ni onígun mẹ́ta tó na apá méjèèjì sẹ́yìn. Òun ló ń dárà jù, òun náà ló ń yára jù. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀, kó ti mọ ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ dunjú. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá fáíbà wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ kó tó kán, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọ̀pá kábọ̀n fúyẹ́, ó le, ó wọ́n, bí ọmọ bá sì fi gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ẹ lè máa wá òmíràn. Fáíbà ni ti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn káìtì olókùn mẹ́rin àti àwọn ńlá tí wọ́n fi ń fa èèyàn lórí omi, ti àgbàlagbà ni wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín rà wọ́n fún ọmọdé.

Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó lè fò nínú rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìpele Beaufort, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí ó bá jẹ́ máìlì, ẹ ṣírò máìlì 10 sí kìlómítà 16. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 10 tó sì parí sí nǹkan bí 30 ló bá àsìkò wa mu.

Okùn ńkọ́? Okùn méjì náà gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi ìka méjì gùn ju èkejì lọ, káìtì á máa yí sápá kan ṣáá, ọmọ á rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ kan ìṣó kan mọ́ òpó, ẹ fi orí okùn méjèèjì kọ́ ọ. Ẹ di ìdí wọn mú, ẹ rìn sẹ́yìn títí wọn yóò fi na tán, kí ẹ fà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ibi tí ìdìmú méjèèjì bọ́ sí lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀kan bá wà níwájú èkejì, ẹ tú kókó èyí tó gùn, ẹ ta á padà ní ibi tí yóò fi dọ́gba. Ẹ tún fà wọ́n wò, nítorí kókó tuntun a máa sún kó tó fún. Mítà 15 sí 20 ti tó fún ọmọdé.

Mo mọ̀ pé okùn ìpẹja kì í wọ́n wa. Ẹ má fi okùn rọ́bà tí à ń so ìwọ̀ mọ́ ṣe okùn káìtì. Ó ń na bí ọmọ bá fà á, nítorí náà káìtì kì í tètè gbọ́ ohun tí ọwọ́ sọ. Kò hàn sí ojú ẹni tó ń kọjá, ó sì lè ge ọwọ́. Òwú tí wọ́n hun, irú èyí tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe, sàn jù ú lọ. Bí owó bá wà, okùn híhun tí wọ́n fi Dyneema ṣe ni kí ẹ rà, nítorí kì í na.

Ẹni tí kò lówó káìtì rírà kò gbọ́dọ̀ sunkún. Ẹ ṣe olórígun mẹ́rin fúnra yín pẹ̀lú ọ̀rá tó nípọn àti ọparun tí a là tín-ín-rín. Kí ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ le dáadáa, nítorí apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ ni ẹ ó so okùn méjèèjì mọ́, kí ìhà méjèèjì bá ara wọn dọ́gba lójú ìwọ̀n. Ẹ fún un ní ìrù tó gùn tó ìlọ́po márùn-ún gígùn ara rẹ̀. Kò ní dárà tó èyí tí wọ́n rà, ṣùgbọ́n yóò kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń darí. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn tó mọ pákó là wà, ọ̀dọ̀ wa sì ni àwọn tó mọ ìgbòkun rán wà. Kí ló kù?

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ kò gùn. Kí ọmọ kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́. Kí ẹlòmíràn gbé káìtì dúró ní iwájú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, okùn nínà tán. Kí ọmọ fa ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Káìtì á gbéra. Láti ìgbà náà lọ, kí ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìbàdí. Gbogbo ọmọ ló máa ń fẹ́ ju ọwọ́ sókè lórí bí ìbẹ̀rù bá dé, kò sì sí ohun tí èyí ń ṣe ju pé ó ń da ọ̀rọ̀ rú lọ. Bí ó bá fa ọ̀tún, káìtì á yí sọ́tùn-ún. Bí ó bá fa òsì, á yí sósì. Bí ọwọ́ méjèèjì bá dọ́gba, á lọ tààrà. Bí káìtì bá pòòyì lẹ́ẹ̀kan tí okùn lọ́ mọ́ra, kí ó má bẹ̀rù, okùn tó lọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó mú un pòòyì padà sí apá kejì, á tú.

Iwájú ẹni gan-an, ní àárín, ni afẹ́fẹ́ ti ń fa káìtì jù. Bí ó bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátápátá tàbí ẹ̀gbẹ́ òsì, tàbí tí ó bá dúró lókè orí, agbára rẹ̀ á dín kù. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́ ọmọ láti máa mú un balẹ̀ sí. Bí fífà bá ń pọ̀ jù, kí ọmọ rìn síwájú sọ́dọ̀ káìtì, á dẹ̀. Bí kò bá dẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀. Mo tún un sọ: kí ó tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Káìtì ṣeé rà, ọmọ kò ṣeé rà. Nítorí èyí, kí ẹnikẹ́ni má wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ, kí ọmọ má sì wé e mọ́ ìka.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọmọ tó ń fi ìpá fa okùn, káìtì rẹ̀ kì í pẹ́ lókè. Èyí tó ń fi ìwọ̀nba ọwọ́ fà á, tó ń dúró de afẹ́fẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún ọmọ ju káìtì fúnra rẹ̀ lọ.

Kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ wáyà iná. Ẹ wo òkè kí ẹ tó tú okùn. Bí wáyà iná bá wà nítòsí, ẹ wá ibòmíràn. Bí káìtì bá há sí wáyà, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀pá yọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gun òpó, kí ẹnikẹ́ni má fa okùn rẹ̀. Okùn tútù ń gbé iná wálẹ̀. Káìtì tó bá bọ́ sínú ọ̀sà, àgbàlagbà tó ní ọkọ̀ ni kó lọ gbé e, kì í ṣe ọmọ tó mọ̀ọ́ lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé eré yìí wọ inú ẹ̀kọ́ yín. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wo èéfín àti àsíá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí wọ́n kọ ìpele afẹ́fẹ́ sínú ìwé fún odindi sáà kan, kí ẹ tó fi káìtì kankan hàn wọ́n. Ẹ pe baba apẹja kan wá sí kíláàsì, kó sọ fún wọn bí òun ṣe ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ fẹ́ yí. Ẹ̀yin òbí, káìtì kan tó fún ọmọ mẹ́wàá bí wọ́n bá ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ dá owó jọ, ẹ ra kékeré, ẹ ra èyí tó le, ẹ dúró ti àwọn ọmọ yín nígbà tí wọ́n bá ń fò ó. Bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò bá dára, ẹ sọ fún wọn pé ó di ọ̀la.